Ìwé Àkọ́kọ́, Láti Iléṣà Dé Ilé-Ifẹ̀

Ìwé kékeré kan ló gbé wa rìn. Ojú-ewé 64, ìtàn àwọn ọmọdé ní èdè Yorùbá, ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan ní Iléṣà ló kọ ọ́. Kí ọ̀rọ̀ ìwé tó dé, ìtàn rẹ̀ méjì ti jáde nínú ìwé ìròyìn Yorùbá, wọ́n sì ti ka ọ̀kan nínú wọn lórí rédíò. Owó tó tibẹ̀ wọlé kò tó ra bàtà, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni àwọn òbí ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ ti ń béèrè pé, "Àǹtí, ìwé yín dà?" Iṣẹ́ olóòtú ni tiwa. A bá a dé Ilé-Ifẹ̀ nínú oṣù Òkúdù tí òjò ń rọ̀ gan-an, a sì ń kọ ohun tí a rí sílẹ̀ lálaalẹ́, fún ẹni tó ní ìtàn nínú àpótí tí kò mọ ibi tí yóò gbé e gbà.

Ọjọ́ kìíní, Àìkú: Iléṣà

Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni òǹkọ̀wé yìí ń jí. Títí di mẹ́fà ló fi ń kọ̀wé, nítorí bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tán, omi pípọn, oúnjẹ àwọn àbúrò àti ọ̀nà ilé-ìwé ló ni í. Bírò àti ìwé ìkọ̀wé olójú-ewé 60 ló ń lò. Ojú-ewé ọ̀tún ló ń kọ sí, ó ń dá ti òsì sí fún àtúnṣe, ìyẹn ló jẹ́ kí a lè tọ ipasẹ̀ gbólóhùn kan láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí. Lálẹ́ ló ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, ojú-ewé méjì tàbí mẹ́ta, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí àmì ohùn kì í jẹ́ kí ọwọ́ yá. Bí NEPA bá ti mú iná lọ láti àárọ̀, ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ tó ní jẹnẹrétọ̀ ni páwà báǹkì ń lọ, ₦200 títí yóò fi kún. Báyìí ló ṣe kọ gbogbo ìwé náà, láìpa iṣẹ́ olùkọ́ jẹ fún ọjọ́ kan.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn ni a ṣe lónìí. Ẹnì kan ń ka sókè, ẹnì kejì ń fi ìka tọ ìlà. Ẹ má ṣe dá a ṣe: ẹni tó kọ ìwé máa ń ka ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, kì í ṣe ohun tó wà lórí pépà. Àkọtọ́ 1974 ni a tẹ̀ lé láti òkè dé ìsàlẹ̀: ayé, kì í ṣe aiye; ènìyàn, kì í ṣe enia. Ìwé tó bá da méjèèjì pọ̀, olùkọ́ Yorùbá ò ní gbà á wọ kíláàsì. Ibi tí ọkọ̀ ti di ọkọ́ tún wà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò sì ní mọ ohun tí wọ́n wọ̀ lọ sọ́jà.

Nígbà tí a kó gbogbo rẹ̀ jọ, ojú-ewé 66 ló jẹ́. A4 kan tí a bá ká sí méjì, ojú-ewé A5 mẹ́rin ló ń di, nítorí náà iye ojú-ewé gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin láìṣẹ́kù. Bí a bá fi 66 sílẹ̀, yóò di 68, méjì yóò ṣófo gbayawu lẹ́yìn ìwé. Òǹkọ̀wé gé ìpínrọ̀ mẹ́ta kúrò nínú ìtàn kẹrin, ìtàn náà sì dùn sí i.

Kí ìtàn méjì tó ti jáde tẹ́lẹ̀ tó wọnú ìwé, a wo àdéhùn tí ìwé ìròyìn náà fi ránṣẹ́ sí i nígbà náà. Ẹ̀tọ́ láti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbà. Ẹ máa wá ìlà yẹn kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, Copyright Act 2022, ẹni tó kọ ìwé ló ni ín láti ìgbà tó ti kọ ọ́ sílẹ̀, yálà ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbìkan tàbí kò fi sílẹ̀, ẹ̀tọ́ náà sì wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé tó bá fọwọ́ síwèé pé òun gbé gbogbo rẹ̀ fún ẹlòmíràn nítorí ₦5,000 ti ta oko nítorí owó iṣu kan. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn wá, torí à ń rí i lemọ́lemọ́.

Ìyá òǹkọ̀wé kò gbà kí a kúrò láìjẹ iyán. Iṣu tuntun ò tíì dé, ti èṣí ló wà lọ́jà, ó sì wọ́n bí ojú, síbẹ̀ wọ́n gún un, wọ́n sì fi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ìgbá se ọbẹ̀ tó kún ìkòkò. Ilé Ìjẹ̀ṣà kì í jẹ́ kí àlejò fi ebi lọ.

Ọjọ́ kejì, Ajé: ọ̀nà Ifẹ̀

Rímù pépà mẹ́rin ni a kọ́kọ́ rà nítòsí ọjà Atákúnmọ̀sà, A4 onígíráàmù 80, ₦7,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦7,500 ni wọ́n pè é fún wa ní Ifẹ̀ lórí fóònù. Ìṣirò rẹ̀ rèé: ojú-ewé 64 gba pépà A4 16, ẹ̀dà 105 yóò gba 1,680, rímù mẹ́rin jẹ́ 2,000. Èyí tó lé ni ti pépà tó máa bàjẹ́, dandan sì ni kí ó bàjẹ́.

Owó ọkọ̀ dé Ifẹ̀ jẹ́ ₦1,500, ẹrù wa tún gba ₦500. Ọ̀nà náà kò jìn, bí ọgbọ̀n kìlómítà ni, ṣùgbọ́n àsìkò òjò kì í jẹ́ kí ènìyàn sọ aago tí yóò dé. Lẹ́yìn Òsú ni táyà ẹ̀yìn bẹ́. Awakọ̀ ní kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀, òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí ẹni pé ó ti ń dúró dè wá. Ìyá kan tó ń sun àgbàdo lẹ́bàá títì rí i tí òǹkọ̀wé ń da ara bo páálí pépà. Wọ́n kígbe pé, "Ọmọ mi, gbé e wá síbí, kí ló wà nínú rẹ̀?" Òǹkọ̀wé kúnlẹ̀, ó ní, "Ìwé ni, Màámi, ìwé tí mo fẹ́ tẹ̀ ni." Màámi fa ọ̀rá ńlá tí wọ́n fi bo èédú wọn, wọ́n fi wé páálí náà yípo, wọ́n jẹ́ kí èédú tiwọn máa gba òjò. Wọn ò gbowó. Àgbàdo mẹ́rin ni a rà lọ́wọ́ wọn, ₦300 ọ̀kan, a sì jẹ ẹ́ lórí ìdúró kí wọ́n tó pààrọ̀ táyà tán.

Pépà tó bá fa omi máa ń ká léti, méjì máa ń wọ ẹ̀rọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ yóò sì há. Nítorí náà, ẹni tó bá ń lọ lásìkò òjò, kí ó ra pépà níbi tí yóò ti tẹ̀ ẹ́. ₦2,000 tí a rí pamọ́ kò tó ìpayà yẹn. Ẹ má sì ṣe já ọ̀rá ara rímù títí di ìgbà tí ẹ̀rọ bá ti ń dúró dè é.

Ilé ìtẹ̀wé wà ní Lágere. Ọ̀gá ibẹ̀ mọ iṣẹ́, wọ́n sì ń ní sùúrù, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìwé Yorùbá káàkiri ṣẹlẹ̀ níbí náà: wọ́n ṣí fáìlì Word lórí kọ̀ǹpútà wọn, gbogbo ẹ́ àti ọ̀ di àpótí òfìfo. Ìdí rẹ̀ rèé. Nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní kóòdù, ẹ ní kóòdù tirẹ̀, ọ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní kóòdù kan ṣoṣo. Ẹ ni, àmì ohùn sì tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí kóòdù kejì, fọ́ǹtì ló ń gbé èkejì lé èkíní lórí. Bí fọ́ǹtì tí ẹ fi kọ ọ́ kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà òǹtẹ̀wé, òmíràn tí kò mọ iṣẹ́ yẹn ni yóò gbapò rẹ̀. Charis SIL, Gentium àti Noto Serif mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Ẹ ṣe ìwé yín sí PDF tí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀, òun ni kí ẹ gbé lọ, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un tò láti inú Word.

PDF tiwa ṣí dáadáa. A tẹ ojú-ewé mẹ́rin wò, a sì rí nǹkan mìíràn: àkọlé ìtàn kejì, tí lẹ́tà ńlá Ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ti pàdánù àmì orí rẹ̀, ó dà bí ẹni pé wọ́n fi abẹ gé e. Ìlà ni a há mọ́ra jù. Nínú Word, bí àlàfo ìlà bá wà lórí "Exactly", ohun tó bá yọ jáde lókè yóò ré dànù. A sún un sí "Multiple" 1.15 fún gbogbo àkọlé, a wò ó bóyá iye ojú-ewé yí padà, kò yí. Lẹ́tà pọ́ìntì 12 pẹ̀lú àlàfo ìlà pọ́ìntì 15 ló yẹ ọmọdé fún inú ìwé. Àmì ìsàlẹ̀ ìlà òkè àti àmì ohùn ìlà tó tẹ̀ lé e kò ní fara kan ara wọn.

Ìlódè ni a sùn, nílé ẹ̀gbọ́n ìyá òǹkọ̀wé.

Ọjọ́ kẹta, Ìṣẹ́gun: Lágere, ojú kìíní

Iṣẹ́ tí kò bá tó ẹ̀dà 300, ẹ̀rọ Riso ló yẹ ẹ́. Ẹ̀rọ KORD ńlá ń béèrè fún pléètì irin, iye kan náà sì ni pléètì yálà ìwé 50 ni tàbí 2,000, ibẹ̀ ni ìwé kékeré ti ń di ọ̀wọ́n. Riso ń lo másítà, awẹ́ tín-ínrín kan tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń dá lu níhò, tó sì ń wé mọ́ ìlù tí yíǹkì wà nínú rẹ̀. Ojú pépà kọ̀ọ̀kan gba másítà kan. Pépà 16, ojú 32, másítà 32, ₦500 ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí a tó tẹ ohunkóhun, a ká A4 òfìfo 16 pọ̀, a fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí i láti 1 dé 64, a sì tú u ká. Ìgbà yẹn ni ojú ẹni tó ń ṣe é nígbà àkọ́kọ́ máa ń là: ojú-ewé 1 àti 64 ló jọ wà lójú kan, 2 àti 63 wà lẹ́yìn wọn, bẹ́ẹ̀ títí dé àárín gbùngbùn tí 32 àti 33 ti pàdé. Nọ́ńbà méjì tó bá jọ wà lójú pépà kan, ẹ ro wọ́n pọ̀, 65 ni yóò máa jẹ́. Èyí tí kò bá jẹ́ 65 ti ṣìnà. Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé lẹ ìwé òfìfo yìí mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, gbogbo ọmọ iṣẹ́ ń wò ó bí wọ́n ṣe ń tẹ̀.

Iná lọ ní aago mọ́kànlá, jẹnẹrétọ̀ gbà á. Ẹ béèrè tẹ́lẹ̀ bóyá owó epo wà nínú iye tí wọ́n pè. Tiwa wà nínú rẹ̀, torí pé òǹkọ̀wé ti béèrè kí a tó kúrò ní Iléṣà.

Ojú kan ṣoṣo ni a tẹ̀ lónìí. Yíǹkì Riso kì í gbẹ kíákíá, pépà ló ń fà á mu díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá yí pépà náà padà sínú ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀, rọ́là yóò pa yíǹkì tútù rẹ́ káàkiri, ìwé yóò sì rí bí ẹni tó fi ọwọ́ dídọ̀tí nu ojú. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, pàápàá nígbà òjò. Ẹni tó bá ń kánjú kó lọ lo fótókọ́pì, yóò kàn san owó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni.

Lọ́sàn-án, ẹ̀wà àti búrẹ́dì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ₦900 fún ẹnì kan.

Ọjọ́ kẹrin, Ọjọ́rú: ojú kejì, ìdìpọ̀, gígé

Ní àárọ̀, ojú kejì. Ní pépà kẹsàn-án, èyí tí 17 àti 48 wà lójú rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ dojú òkìtì pépà kodò. 38 ti jáde kí a tó rí i pé ojú-ewé 18 àti 47 dorí kodò lẹ́yìn wọn. Kò sẹ́ni tó bínú. Pépà tó lé ló gbà wá, wọ́n sì tún ojú méjèèjì tẹ̀. Ọ̀nà tí a fi ń dènà rẹ̀ kò nira: kí a tó kó òkìtì kọ̀ọ̀kan kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, kí a fi pẹ́ńsù fa ìlà kan sí igun òkè ọ̀tún pépà àkọ́kọ́. Bí ìlà bá ti wà ní igun tí kò yẹ nígbà tí ẹ ń dá a padà, ẹ dúró.

Àyè kò sí nínú ilé ìtẹ̀wé láti to òkìtì 16. Aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì yọ̀ǹda tábìlì tó fi ń gé aṣọ fún wa, ó kó àlùmọ́gàjí àti ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun náà fẹ́ rí bí ìwé ṣe ń di ìwé. Ènìyàn mẹ́rin ń yí tábìlì ká. Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti èyí tí yóò wà nísàlẹ̀ pátápátá, pépà tó ní 1 àti 64, kí ẹ máa gbé ìyókù lé e lórí títí dé 32 àti 33. Èèpo ìwé wá lọ sí abẹ́ gbogbo rẹ̀.

Páálí onígíráàmù 250 ni èèpo náà, aláwọ̀ mẹ́rin, wọ́n sì ti fi ọ̀rá bò ó. Ẹ má ṣe ká a lásán: ẹ jẹ́ kí wọ́n fa ipa sí ibi tí yóò ti ká, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọ̀ yóò sán lẹ́yìn ìwé, funfun yóò sì yọ. Stéplà ọlọ́wọ́ gígùn ni a fi kàn án, pín-ìnnì 24/6, méjì fún ìwé kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí etí. Pín-ìnnì gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ipa ìká gan-an. Tó bá yẹ̀ ní mílímítà méjì péré, ìwé kò ní pa dé dáadáa mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, a to wọ́n ní mẹ́wàá mẹ́wàá, a sì gbé pákó àti búlọ́ọ̀kù lé wọn fún wákàtí kan.

Gígé ló kù. Nígbà tí pépà 16 bá ká sínú ara wọn, àwọn ti inú máa ń yọ síta ju ti òde lọ. Pépà onígíráàmù 80 nípọn tó bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà, nítorí náà èyí tó wà láàárín gbùngbùn yọ síta ní bíi mílímítà kan àbọ̀. Nígbà tí abẹ bá wá gé etí náà kí ó dọ́gba, inú ni yóò pàdánù jù. Ìwé tí nọ́ńbà ojú-ewé rẹ̀ sún mọ́ etí jù yóò pàdánù nọ́ńbà láàárín, olówó rẹ̀ á sì máa wá ibi tí 31 wọlé sí. Mílímítà 15 ni a fi sílẹ̀ sí etí, kò sí èyí tó bá a lọ. Etí iwájú ni wọ́n kọ́kọ́ gé, lẹ́yìn náà orí àti ìdí.

Nínú 105, ẹ̀dà 101 ló jáde láìlábàwọ́n. Owó rẹ̀ rèé: pépà ₦28,000, másítà ₦16,000, ìtẹ̀ 3,360 ní ₦6, ₦20,160, èèpo 105 pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀ ní ₦350, ₦36,750, ìkàn àti gígé ₦5,250. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦106,160, ìyẹn bíi ₦1,051 fún ìwé kan tó ṣeé tà. ₦2,000 ni a kọ sí i lẹ́yìn.

Òǹkọ̀wé mú èyí tó kọ́kọ́ jáde lábẹ́ abẹ, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wá lọ fi fún aránṣọ. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún, Ọjọ́bọ̀: Yunifásítì

Kórópe láti Lágere dé ẹnu géètì, ₦300. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó ń jẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀ títí di 1987, ibi mẹ́ta ló yẹ kí òǹkọ̀wé Yorùbá dé: ilé ìtàwé, ilé ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi, àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ Yorùbá.

Ìbéèrè kìíní nílé ìtàwé ni ISBN, nọ́ńbà tí a fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀. A ti gbà á lọ́wọ́ National Library of Nigeria kí ìwé tó lọ sí ẹ̀rọ. Díjíìtì 13 ni, 978-978 ló sì ń bẹ̀rẹ̀ ti Nàìjíríà. Bí ẹ bá tún fẹ́ gbé ìwé kan náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà mìíràn ni yóò gbà. Ẹ rí i pé ó wà nínú ìwé, lẹ́yìn ojú-ewé àkọlé, àti lẹ́yìn èèpo. Láìsí i, wọn ò ní gba ìwé yín, ẹ má sì bá wọn jà, torí kò síbi tí wọ́n máa kọ ọ́ sí nínú kọ̀ǹpútà wọn. Ẹ̀dà mẹ́wàá ni wọ́n gbà. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni tiwọn, ₦1,400 ló máa dé ọwọ́ òǹkọ̀wé lórí ìwé kan, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦349. Ẹni tó bá kọ ₦1,500 sẹ́yìn ìwé bí èyí nítorí ìtìjú yóò gba ₦1,050 níbẹ̀, kò ní rí kọ́bọ̀.

Méjì ni a fún ilé ìkàwé. Ìwé tó wà lórí pẹpẹ bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì lójú wa ju èyí tó tà lọ, torí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wá ìtàn ọmọdé lọ́dún mẹ́wàá sí i, ibẹ̀ ni yóò ti rí i.

Lọ́sàn-án ni òǹkọ̀wé ka ìtàn kan ní Orísun FM 89.5. Ojú-ewé A5 kan ń gba bíi ìṣẹ́jú kan àbọ̀ láti kà sókè láìsáré. Ẹ mú ìtàn ojú-ewé mẹ́rin, kì í ṣe méje. Ẹ kà á nílé pẹ̀lú aago. Ẹ tú pépà kúrò lára ara wọn kí ariwo ìṣíwèé má wọ inú gbohùngbohùn, kí ẹ sì sọ ibi tí ìwé wà àti iye rẹ̀ kí ètò tó parí, torí àwọn tó ń gbọ́ kì í ní bírò lọ́wọ́. Kí a tó dé Lágere padà, ilé ìtàwé kékeré kan níbẹ̀ ti ń béèrè fún márùn-ún.

Ọjọ́ kẹfà, Ẹtì: ilé-ìwé, lẹ́yìn náà Iléṣà

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ifẹ̀ ti ní kí a wá lẹ́yìn ìpéjọ òwúrọ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ni a kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ olùkọ́ kíláàsì. Ẹni tó bá fo ọ̀gá, ìwé rẹ̀ kò ní wọlé mọ́. Òǹkọ̀wé ka ojú-ewé mẹ́ta fún àwọn ọmọ, ó dúró níbi tí ìjàpá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n parí ẹ̀ fún òun. Ariwo sọ. Ìwé 24 ni ilé-ìwé náà rà, a dín in kù sí ₦1,800, owó sì wọlé lójú ẹsẹ̀, ₦43,200. Lẹ́yìn tí wọ́n ti pín in, ọmọbìnrin kan na ọwọ́: "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ wí pé òru, ṣùgbọ́n oòrùn wà nínú àwòrán." Òǹkọ̀wé kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nínú ẹ̀dà tó yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe, pẹ̀lú bírò pupa. Gbogbo òǹkọ̀wé ló yẹ kó ní irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà padà dára, òjò kò rọ̀. Màámi alágbàdo kò sí níbẹ̀ nígbà tí a kọjá.

Ní Iléṣà, ìwé márùn-ún márùn-ún ni a gbé fún ilé ìtàwé méjì. Àwìn ni ìwé wọ̀nyí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé ti ń pàdánù: wọ́n á gbé 30 fún ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n á tijú, wọn ò ní padà wá mọ́. Àwọn Òṣómàáló baba wa, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn tí wọn kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà láìgba owó wọn, kò tà báyìí. Ìwé ìkọ̀wé kan ni òǹkọ̀wé yìí ń lò: ọjọ́, iye ẹ̀dà, iye owó, ìdá tí ṣọ́ọ̀bù yóò mú, nọ́ńbà fóònù, ìfọwọ́sí ẹni tó gbà á, àti ọjọ́ tí yóò padà wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kọ síbẹ̀, ó sì sọ ọ́ sókè níwájú onílé ìtàwé: "Màámi, lọ́jọ́ Ẹtì kẹrin ni mo máa dé o. Bí kò bá tà, màá kó ìwé mi. Bó bá tà, màá kó òmíràn wá." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Márùn-ún ni kí ẹ máa fún wọn, kì í ṣe ogún. Ìwé tó bá pọ̀ lórí tábìlì máa ń rí bí èyí tí kò tà, eruku àti oòrùn á sì ba èèpo rẹ̀ jẹ́.

Mẹ́ta wà nínú àpò ọ̀tọ̀ fún National Library. Òfin 1970 ló ní kí akéde fi wọ́n ránṣẹ́ láàárín oṣù kan lẹ́yìn tí ìwé bá jáde. Ọ̀kan lọ sí ilé rédíò. 45 ló kù nílé, àwọn òbí ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ sì ti sanwó 30 nínú wọn sílẹ̀ kí a tó sọ ẹrù kalẹ̀. Másítà Riso kì í ṣeé lò lẹ́ẹ̀kejì, nítorí náà ìtẹ̀ kejì yóò tún san ₦16,000 yẹn. Lórí ẹ̀dà 100, ₦160 ló jẹ́ fún ìwé kan. Lórí 200, ₦80. 200 ni a ó tẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tún àwòrán òru náà yà, pépà rẹ̀ ni a ó sì rà ní Lágere.